Láti Ibùdó Rélùwéè dé Ọjà Ọba: Àwọn Ilé Ìtajà Àtijọ́ ní Òṣogbo

Kí rélùwéè tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ìlú ọjà ni Òṣogbo ti jẹ́. Ọjà Ọba tó wà níwájú ààfin Àtáọ́ja ni gbùngbùn káràkátà, àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ti sọ ìlú náà di ńlá. Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ ará Òṣogbo ní òwò. Ohun tí rélùwéè ṣe ni pé ó dá ojúkò òwò kejì sílẹ̀. Òṣogbo ni ojú irin parí sí títí ó fi dé Ìlọrin ní 1908, títì tó sì so ibùdó pọ̀ mọ́ àárín ìlú, Station Road, di ojúde àwọn oníṣòwò.

Ìrísí ilé fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó kòkó àti èkùrọ́ sí ní ògiri tó nípọn àti fèrèsé kéékèèké tó wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé kí olè má ráyè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onítajà yàtọ̀: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ibùgbé lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òjò àti oòrùn. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ àti àwọn ọmọ ìlú tí owó kòkó là ló ń lo irú rẹ̀. Ọnà ara rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó wá, àwọn bíríkìlà ló sì gbé e dé ìlú òkè. Síbẹ̀, ojúkò méjèèjì kò bá ara wọn jà. Àwọn obìnrin alárọ̀bọ̀ ń ra ọjà lódindi lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n sì ń tà á ní wẹ́wẹ́ ní Ọjà Ọba.

Nígbà tí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gba ẹrù lọ́wọ́ ojú irin, agbára àwọn ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Òfin ọdún 1972 tó fi òwò wẹ́wẹ́ lé ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ parí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ilé òwò kò kú. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, níbi tí àwọn ayàwòrán Òṣogbo ti jáde. Adébísí Àkànjí, tó fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sí ilé epo ní ìlú náà, wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọ̀ṣun.

Ibí yìí ni ọ̀ràn wà. Ní 2005, UNESCO ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ààlà igbó ni ààbò náà mọ. Kò kan títì. Ìlànà tó dá iṣẹ́ sìmẹ́ńtì inú igbó sí, tó sì fi èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sílẹ̀ fún katakata, ti ya ọwọ́ kan náà sí méjì. Bí àwọn ilé wọ̀nyí bá wó tán, àkọsílẹ̀ òyìnbó nìkan ni yóò kù láti sọ bí Òṣogbo ṣe ṣòwò, alárọ̀bọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀.