Ẹjọ́ Tí A Kò Gbé Lọ Sí Kóòtù: Láti Ìkìrun Dé Lọ́ńdọ̀n

Ìjà àwọn oníṣòwò tí orílẹ̀-èdè wọn yàtọ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ṣùgbọ́n agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ni n ó ti mú un, nítorí ìtàn ibẹ̀ á jẹ́ kó tètè yé wa.

Odò Ọ̀tìn ló ṣàn gba agbègbè yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, wọ́n ja ogun Jálumi ní Ìkìrun. Ìbàdàn borí Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ sì kú sínú odò. Orúkọ ogun náà sọ ọ́: wọ́n já lu omi. Ogun Kírìjì wá di àjàìtán.

Ta ni yóò dá ẹjọ́ yìí? Èkìtì kò lè gbé e síwájú Ìbàdàn, Ìbàdàn náà kò lè gbé e síwájú Èkìtì. Gómìnà Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí wọn, wọ́n sì ṣe àdéhùn ní 1886. Síbẹ̀, ti Ìlọrin kò yanjú. Àgọ́ ogun Ìbàdàn kò kúrò ní Ìkìrun títí Gómìnà Carter fi dé ní 1893. Ẹ má gbàgbé pé àwọn òyìnbó tó ń làjà náà ní ohun tí wọ́n ń wá: wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà òwò ṣí.

Irú ìṣòro yìí ló wà nínú òwò òní. Ká ní o ń ta kajú láti Ìnísà fún oníbàárà kan ní Jámánì, tí kò sanwó. Kóòtù Ọ̀ṣun kò ní ọwọ́ tó gùn dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ìjà bá dé, àwọn yóò yan adájọ́ tiwọn. Arbitration ni wọ́n ń pè é. Àdéhùn New York ti 1958, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1970, ló fún un lágbára: orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 ló gbà láti mú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ti P&ID. Ní January 2010, ilé iṣẹ́ yìí bá ìjọba wa ṣe àdéhùn láti kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa fọ gáàsì ní Calabar. Wọn kò kọ́ ọ. Wọ́n ní ìjọba kò pèsè gáàsì, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀n. Ní 2017, wọ́n ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, pẹ̀lú èlé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti lé ní bílíọ̀nù 11.

Kóòtù ló gbà wá. Ní October 23, 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní Lọ́ńdọ̀n rí i pé P&ID fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó ẹ̀yìn, wọ́n parọ́ nínú ẹ̀rí, ìwé àṣírí àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Aráàlú tí yóò san gbèsè náà kò sí níbẹ̀.

Èmi kò ní ká sá fún arbitration. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òwò sì ń fẹ́ ọ̀rẹ́. Òfin tuntun tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2023, a sì lè gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Kí o tó buwọ́ lùwé, béèrè: ìlú wo la ó ti gbọ́ ẹjọ́? Òfin ta ni? Ta ni yóò yan adájọ́, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Ẹni tí kò béèrè ṣáájú lè rí i pé Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti ń dúró dè é.