Láti Orí Tẹmọmítà dé Orí micro:bit: Ìtàn Wíwọn Àyíká ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1994, Al Gore tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nígbà náà kéde ètò kan tí a ń pè ní GLOBE. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa wọn ooru àti òjò, tí wọn yóò sì máa wo àwọsánmà ní àyíká ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni yóò sì máa gba iye tí wọ́n bá rí nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995. Ètò náà ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 120. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára wọn.

Tẹmọmítà tí wọ́n lò níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Irú èyí tí James Six, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni: àmì kan ń dúró síbi tí ooru ga dé, èkejì síbi tí ó rẹlẹ̀ dé. Òfin tí ó rọ̀ mọ́ lílò rẹ̀ ni ó gbé ẹ̀kọ́ dání. Inú àpótí funfun ni ó gbọ́dọ̀ wà, ní nǹkan bí mítà 1.5 sókè ilẹ̀, kí oòrùn má baà pa á. Ìgbà tí oòrùn bá kanrí ni ọmọ yóò kà á. Kò gbọdọ̀ fi ju wákàtí kan ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ fi ju wákàtí kan pẹ́. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà tí ó ń kà. Lẹ́yìn èyí, yóò dá àwọn àmì náà padà. Bí ó bá gbàgbé, ooru àná lè di ooru òní nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ kò purọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní Bìrìtéènì. Ní ọdún 2016, BBC àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pín micro:bit, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ wọn. Agbára ẹ̀rọ náà láti wọn ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ìṣípòpadà kò ju èèlò lọ nígbà náà. Ẹ̀dà kejì, tí ó jáde ní 2020, tún ń gbọ́ ariwo. Ọdún 2023 ni ètò náà wá kan alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, nígbà tí wọ́n ya 700,000 ẹ̀rọ sọ́tọ̀ fún wọn. Nígbà tí ó di 2024, àwọn ọmọ ọdún méje sí mọ́kànlá ń fi í kó dátà nípa pápá ìṣeré wọn jọ, àjọ ìjọba tí ń ṣe àkójọ ìṣirò orílẹ̀-èdè náà sì bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Àléébù kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Inú èròjà tí ó jẹ́ ọpọlọ micro:bit gan-an ni ohun tí ń wọn ooru wà. Ooru ara ẹ̀rọ ni ó ń sọ, èyí tí ó sábà máa ń ga ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Kò sí àpótí funfun, kò sí oòrùn kanrí. Iye kàn ń tàn lójú ẹ̀rọ ni, ọmọ a sì gbà á gbọ́. Ohun tí GLOBE fi òfin gbé kalẹ̀, ìbéèrè ni kíláàsì yóò fi wá a níhìn-ín. Kí olùkọ́ gbé tẹmọmítà lásán sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà lábẹ́ ìbòòji, kí àwọn ọmọ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì wá ìdí tí wọn kò fi bára mu.