Igba Ojú Tó Ń Wo Ọmọ: Láti Ijó Ìyá Ìbejì Dé Orí Fóònù

Ọ̀kan nínú àwa tí a kọ àròkọ yìí ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí òun àti Táíwò kò tíì pé ọmọ ọdún kan, ìyá wọn pọn ọ̀kan, ó gbé èkejì dání, ó sì jó yí ọjà ká. Àìsàn ń ṣe àwọn ọmọ náà léraléra, àwọn àgbà sì sọ pé ijó ni ìbejì ń béèrè. Àwọn ẹlẹ́ja fún wọn lówó, àwọn kan fún wọn ní epo àti ẹ̀wà. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja yíyan pe ìyá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá a wí pé oòrùn ti mú jù fún ọmọ ọwọ́, kó wá jókòó síbi ìbòòji. Ó sì jókòó. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ijó parí. Lónìí, kò sí àwòrán kan ṣoṣo tó fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti gbọ́ ọ.

A rántí ìtàn yìí nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa nípa àwọn òbí tí ń fi fóònù ya ìgbé ayé ọmọ wọn, tí wọ́n ń gbé e sórí YouTube, TikTok àti Instagram, àti nípa ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí ń bú wọn nísàlẹ̀ fídíò. Ọmọ kò kúnlẹ̀ kó tó gba oúnjẹ: èébú. Ìyá na ọmọ: èébú. Ìyá kò na ọmọ: èébú náà ni. Àwọn kan nínú wa ní àṣà òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń ka ìtàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fífi ọmọ han èrò kí owó lè wọlé ti pẹ́ lọ́dọ̀ Yorùbá, ìbáwí tó ń tẹ̀lé e náà kò sì jẹ́ tuntun.

Lóòótọ́, bíbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń bo ọmọ. Ọmọ tuntun kì í jáde ṣáájú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ojú ayé kò dára, abiyamọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí a kì í bò. Ìbejì jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ ọ̀jẹ̀ jẹ́ òmíràn: láti kékeré ni ọmọ inú agbo eégún aláré ti ń kọ́ ijó, ìtàkìtì àti ewì, tí yóò sì máa bá àwọn àgbà rìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí Hubert Ògúńdé sọ eré orí ìtàgé di iṣẹ́ òòjọ́ ní 1945, ọ̀nà yẹn kan náà ló tọ̀. Àwọn aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n di òṣèré rẹ̀. Àwọn ènìyàn kò sì yé sọ̀rọ̀. Alágbe ni wọ́n ń pe àwọn òṣèré nígbà náà, ọ̀pọ̀ òbí sì fárí pé ọmọ àwọn kò ní bá wọn lọ. Bí ìyá ìbejì bá sì jó kọjá iye ọjọ́ tó yẹ, àwọn aládùúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti sọ ọmọ di òwò.

Àwòrán ńkọ́? Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa ohun kan tó wọ̀ wá lọ́kàn gan-an. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwòrán àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán yóò ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan kó lè dà bí ẹni pé méjì ni wọ́n jókòó. Ara ògiri pálọ̀ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá wọlé nìkan ló ń rí i, ẹni tó bá sì wọlé, onílé mọ orúkọ rẹ̀.

Ìkòròdú wá kan ìtàn yìí ní 2017, nígbà tí àwọn ọmọ Sanni àti ìbátan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ikorodu Bois. Wọ́n ń sín fíìmù ńlá-ńlá jẹ pẹ̀lú ohun èlò tí ẹnikẹ́ni ní lẹ́yìnkùlé. Ní 2020, wọ́n sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ títí àwọn arákùnrin Russo tó gbé fíìmù náà jáde fi rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn àkọ́kọ́ ti apá kejì. Netflix kó ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún kan náà. Inú wa dùn, ẹ má bi wá léèrè; ọmọ àdúgbò wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: eré ni wọ́n ń ṣe. Bí fóònù bá ti kú, ẹni tó ṣe jagunjagun yóò lọ fọ abọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn kò sí lára ohun tí wọ́n ń tà. Ọ̀nà Ògúńdé àti ọ̀nà ọmọ ọ̀jẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 2020 yẹn náà, ìyá kan l'Ékòó gbé fídíò ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré sórí Instagram. Ọmọ ti ṣẹ̀, ìyá fẹ́ bá a wí, ọmọ ń sunkún, ó ń bẹ ìyá pé kó fara balẹ̀. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí wọ́n bá òun wá ọmọ náà, ó sì gbà á lálejò. Àwọn kan yin ọgbọ́n ọmọ náà, àwọn kan sì béèrè ìdí tí ẹ̀rù ìyá fi bà á tó bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe eré. Ẹkún ọmọ gan-an ni. Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nìyí lójú tiwa: ilé fúnra rẹ̀ di orí ìtàgé, kò sì sí aṣọ ìkélé tí wọn yóò fà.

Yorùbá ní ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Àwọn tí ń bú òbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn òwe yìí, wọn kò sì ṣìnà pátápátá. Ruby Franke, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ní Utah, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìkànnì ìdílé rẹ̀ ní 2015, àwọn tó ń tẹ̀lé e sì ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ní 2020, àwọn olùwòran gbọ́ pé wọ́n gba ibùsùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kan fún oṣù púpọ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n fẹjọ́ sùn, kò sí ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹjọ 2023, ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún 12 gba ojú fèrèsé sá jáde nílé alábàáṣiṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó lọ sílé aládùúgbò, ó tọrọ oúnjẹ àti omi. Aládùúgbò yẹn ló pe ọlọ́pàá. Ìyá ti wà lẹ́wọ̀n láti ìgbà náà. Mílíọ̀nù ojú rí ọmọ náà. Ẹnì kan ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ owó. Jackie Coogan, ọmọdé tó bá Charlie Chaplin ṣeré ní 1921, dàgbà tán, ó rí i pé ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó òun. Ìyẹn ló bí òfin California ti 1939. Òfin ilẹ̀ Faransé ti 2020 ní kí wọ́n fi owó ọmọ pamọ́ títí yóò fi dàgbà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè ní kí wọ́n pa fídíò òun rẹ́. Illinois ṣe òfin owó tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Lọ́dọ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ka fífi ọmọ ṣagbe àti fífi ọmọ kiri ọjà lójú títì léèwọ̀ (ẹ lọ sí Ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ kí ẹ wo bí a ṣe ń pa òfin yẹn mọ́). Abala 8 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀, ó sì tún fi kún un pé òbí láṣẹ láti ṣàkóso ọmọ ní ọ̀nà tó bójú mu. Ṣùgbọ́n bí òbí gan-an bá ni ẹni tó tú àṣírí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa nílé. Táíwò, èkejì Kẹ́hìndé, ti bímọ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó sì ń gbé fídíò ọmọ náà sórí TikTok: ọmọ ń jẹun, ọmọ ń jó, ọmọ ń wẹ̀. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò kan pé ọmọ náà burẹ́wà. Ọmọ ọdún méjì ni o. Yóò kàwé lọ́jọ́ kan. Inú bí wa, àwa náà kọ ọ̀rọ̀ gígùn sábẹ́ fídíò, a sì dá Táíwò lẹ́bi lójú gbogbo ayé. Kẹ́hìndé kà á, ó ní ká pa á rẹ́. Ó ní ìyá ẹlẹ́ja yẹn kò dúró sórí tábìlì bú ìyá àwọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, a gba Ìtóìkín dé Ẹ̀pẹ́. Táíwò se ọ̀bọ̀kún fún wa, ó gbọ́ wa tán, ó sì bi wá bóyá àwa ni yóò máa ra mílíìkì ọmọ, nítorí ọlọ́ṣẹ kan ti ń sanwó fún òun. A kò rí èsì fún un. Ó pa àwọn fídíò ìwẹ̀ rẹ́ lójú wa. Ti ijó, ó ní yóò wà níbẹ̀.