Microvision: Bí a ṣe ń mọ iye tí ẹ̀rọ géèmù ọdún 1979 tó

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ̀rọ géèmù alágbèéká kan wà tí òwe yìí bá mu rẹ́gí, Microvision ni orúkọ rẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ náà bá ti fọ́, ìyókù di ike lásán. Àwọn tó máa ń kó ohun àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé òun ló ṣíwájú irú rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wò lè fi owó gidi ra òkú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí èyí tó wà láàyè bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tà á lọ́pọ̀ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pẹ̀lú ọ̀nà tí a ń gbà díye lé e.

Kí ni Microvision?

Ilé iṣẹ́ Milton Bradley ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èyí tó ti wà láti ọdún 1860, ló gbé ẹ̀rọ náà jáde lóṣù kọkànlá ọdún 1979. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Jay Smith, ló ṣe é. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Jay Smith yìí kan náà ni ẹ̀rọ géèmù Vectrex ti jáde lọ́dún 1982. Nígbà tí Microvision dé ọjà, nǹkan bí àádọ́ta dọ́là ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún 1981, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà.

Kí Microvision tó dé, eré kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ géèmù alágbèéká. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ Mattel gbé jáde lọ́dún 1977, bọ́ọ̀lù yẹn náà ni yóò máa gbá títí ẹ̀rọ yóò fi bàjẹ́. Microvision ni ẹ̀rọ alágbèéká àkọ́kọ́ tó ṣeé pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì fún: a ó yọ eré kan, a ó fi òmíràn sí i. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìyẹn lọ́dún 1989, ni Game Boy ti ilé iṣẹ́ Nintendo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ojú rẹ̀ kéré jọjọ. Àmì 16 ní ìbú àti 16 ní òró ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ 256. Ti Game Boy jẹ́ 23,040. Síbẹ̀, nínú àmì 256 yìí ni wọ́n ti fi ọgbọ́n ṣe eré fífọ́ bíríkì, eré ogun ojú omi àti eré bọ́ọ̀lù. Bọ́tìnnì 12 ló wà lára ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú kókó roboto kan tí a ń fi ọwọ́ yí bíi ti rédíò àtijọ́.

Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọpọlọ wà

Ohun kan wà tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó náwó rárá. Nínú Game Boy, ara ẹ̀rọ ni ọpọlọ wà. Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kò ju eré lọ. Ti Microvision kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú, bọ́tìnnì, kókó àti bátìrì ló wà lára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n inú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ wà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ara ẹ̀rọ nìkan láìsí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí bó ṣe lè fi han olùrà pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Bákan náà ni kásẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dán wò láìsí ara ẹ̀rọ tó dára. Ẹni tó bá ra ọ̀kan láìsí èkejì, orí ló gbára lé.

Àrùn mẹ́ta tó ń pa á

Èkíní ni àrùn ojú. Láàárín gíláàsì ojú ẹ̀rọ náà ni omi kan wà, òun ló ń ṣú tó sì ń mọ́ láti fi àwòrán hàn. Lọ́dún 1979, ìmọ̀ nípa ṣíṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó. Wọn kò dí etí gíláàsì náà dáadáa, ìdọ̀tí sì wà nínú omi ọ̀hún. Bí ọjọ́ ti ń lọ, omi náà ń jò, ó sì ń dúdú. Ibi tó bá ti dúdú kò tún lè mọ́ mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé, kò dìgbà tí a bá lo ẹ̀rọ náà. Èyí tó wà nínú páálí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á lè ti fọ́ lójú. Ẹ̀rọ tí àrùn yìí bá mú lè máa ṣe eré lọ nínú, kí ó sì máa dún, ṣùgbọ́n a kò ní rí ohun tó ń ṣe. Oòrùn gbígbóná sì lè ba ojú náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì ni iná ara. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́, bí ènìyàn bá ń bọ́ ẹ̀wù, iná kékeré a máa ta á lára. Ọpọlọ inú kásẹ́ẹ̀tì Microvision ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ààbò kankan sí irú iná bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló bo àwọn irin tó so ọpọlọ náà mọ́ ẹ̀rọ. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn náà wò, iná tí àwa fúnra wa kò tilẹ̀ mọ̀ lára lè pa kásẹ́ẹ̀tì náà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni yíya bọ́tìnnì. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ iṣẹ́ bọ́tìnnì sí ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré àkọ́kọ́ kì í fèsì àfìgbà tí a bá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Àwọn ọmọdé rò pé ẹ̀rọ kò gbọ́, wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ tipátipá. Báyìí ni ike náà ṣe ń fẹ̀, tó sì ń ya, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó bá dá èékánná sí.

Bí a ṣe ń díye lé e

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó béèrè ni: ṣé ó ń ríran? Kí olùtà fi bátìrì sí i, kí ó tan án, kí a sì rí àwòrán tó ń rìn láti igun kan dé èkejì. Fọ́tò ẹ̀rọ tí kò sí lórí iná kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú rẹ̀, ó yẹ kí olùtà sọ ọ́ kí a tó dúnàá dúrà.

Ohun kejì ni ilé bátìrì. Bátìrì fóòtì mẹ́sàn-án méjì ni Microvision ìgbà àkọ́kọ́ ń lò, nítorí pé ọpọlọ Intel 8021 tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ń jẹ iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí TMS1100 ti ilé iṣẹ́ Texas Instruments, èyí tí bátìrì kan tó fún. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá fi tipátipá ki ọ̀kan nínú bátìrì méjì náà sódì, àwọn méjèèjì yóò gbóná gan-an. Ni wọ́n bá yọ irin ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, wọ́n sì ní kí a máa fi àyè náà tọ́jú bátìrì àpamọ́. Ẹ má ṣe pè é ní àbùkù bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ní irin ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó kàn ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é fún yín ni. Ṣùgbọ́n bí irin tó wà níbẹ̀ bá ti dípẹtà, owó gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ohun kẹta ni eré tó bá a wá. Block Buster ló máa ń bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé ìtajà, nítorí náà kò ṣọ̀wọ́n. Bowling, Pinball àti Connect Four náà jáde lọ́dún 1979. Àwọn tó kẹ́yìn, irú bíi Alien Raiders àti Cosmic Hunter ti ọdún 1981, ni àwọn akóhunjọ máa ń wá lójú méjèèjì. Páálí rẹ̀ àti ìwé ìlò rẹ̀ náà ń fi kún owó, bí wọn kò bá ya.

Ohun kẹrin ni owó fúnra rẹ̀. Lórí eBay àti níbi gbàǹjo, iye tí olùtà pè kì í ṣe iye ọjà. Ẹ wo iye tí àwọn mìíràn san gan-an fún èyí tó jọ ọ́, kí ẹ sì fi ààyè wé ààyè, kí ẹ fi òkú wé òkú. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣì wúlò fún ẹni tó ń wá kókó tàbí èèpo ara rẹ̀, àmọ́ kò yẹ kí a san owó ààyè lé e lórí.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ yọ bátìrì kúrò bí ẹ kò bá lò ó. Ẹ pa á kí ẹ tó pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láìnídìí. Ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí inú ọkọ̀ tó gbóná.

Gbogbo ìtọ́jú yìí yóò dín ewu kù, àmọ́ kò ní dá àrùn ojú dúró. Èyí tó ń ríran lónìí lè má ríran lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó wà láàyè, kó tan án, kó ta eré kọ̀ọ̀kan, kó sì ya fídíò rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Bí ó bá fẹ́ tà á lọ́la, fídíò náà yóò jẹ́ ẹ̀rí fún un. Bí kò bá sì tà á, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lè rí bí ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni ṣe ń ṣe nígbà ayé rẹ̀.