Ìbúra Ààrẹ àti Ẹ̀mí Àwọn Baba Ńlá ní Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1996, Mathieu Kérékou dìde láti búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ti fi agbára ológun gba ìjọba ní ọdún 1972. Àpérò Gbogbo Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 gba púpọ̀ nínú agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀, Nicéphore Soglo sì fi ìbò borí rẹ̀ ní ọdún 1991. Ìbò kan náà ni ó wá dá a padà. Ó ka ìbúra náà, ṣùgbọ́n ó fo ọ̀rọ̀ díẹ̀: kò dárúkọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá.

Ìbúra yìí kì í ṣe ohun tí olóyè kan ń ronú kàn ní ọjọ́ ayẹyẹ. Abala 53 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ni ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí a yàn yóò búra níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè, àti níwájú àwọn ènìyàn Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ni àṣẹ. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni wọ́n. Olórí Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ni ó ń gba ìbúra náà.

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Kérékou ti di Kristẹni onígbàgbọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìdí tí ó fi fo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ilé-Ẹjọ́, tí Elisabeth Pognon jẹ́ olórí rẹ̀, kò wádìí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, ó dájọ́ pé odindi ni ìbúra náà, a kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀, èyí tí a sì kà kò bá Òfin Ìpìlẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 6, Kérékou tún ìbúra náà ṣe, ó sì dárúkọ àwọn baba ńlá. Fèrè àti orin orílẹ̀-èdè lè mú ayẹyẹ dùn, ṣùgbọ́n wọn kò lè dí àlàfo ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó wà nínú ìwé òfin náà ni «mânes». Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá. Orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe àwọn òkú wọn ni. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni a ti lọ wá orúkọ fún ohun tí ó wà ní agboolé gbogbo. Kí ni Yorùbá-Nàgó yóò wá pè é? «Òkú» kò tó, nítorí pé ọmọ kì í pe baba rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ojú oórì. «Egúngún» ni ti ìgbà tí wọ́n bá gbé aṣọ jáde sí gbangba. «Ẹ̀mí» nìkan kò tó pẹ̀lú, alààyè náà ní ẹ̀mí. «Alálẹ̀» ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí pé ilẹ̀ ni ìbúra Yorùbá dúró lé: àwọn tí wọ́n jọ dá májẹ̀mú mulẹ̀ ni, ẹni tí ó sì yẹ̀ ẹ́ di ọ̀dàlẹ̀.

Abala 40 gbé e lé Ìjọba lọ́rùn láti tan Òfin Ìpìlẹ̀ ká, kí a sì fi ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí yóò dé iwájú olùkọ́ ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Porto-Novo. Mùsùlùmí àti Kristẹni wà nínú kíláàsì. Bí wọ́n bá gbọ́ «alálẹ̀», àwọn kan lè rò pé òrìṣà ni a ní kí wọ́n bọ. Bí olùtumọ̀ bá sì torí ìyẹn kọ «àwọn baba ńlá» lásán, ó ti yọ ẹ̀mí kúrò nínú ìbúra tí Ilé-Ẹjọ́ ní kí a má yọ nínú rẹ̀. Ó sàn kí «ẹ̀mí àwọn baba ńlá» wà nínú ìwé, kí olùkọ́ sì fi «alálẹ̀» àti «ọ̀dàlẹ̀» ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu.