Iṣẹ́ Abẹ fún Jẹjẹrẹ Ọmú tí A Tètè Rí

Bí a bá tètè rí jẹjẹrẹ ọmú, tí kò tíì ràn kọjá ọmú àti abíyá, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ pín sí. Dókítà lè yọ kókó jẹjẹrẹ náà pẹ̀lú díẹ̀ nínú ẹran ara tó yí i ká, kí ó dá ìyókù ọmú sí. Ó sì lè gé gbogbo ọmú náà kúrò.

“Ẹ gé e dànù, kí ọkàn mi lè balẹ̀,” ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń sọ. Àwọn dókítà pàápàá ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà tí dókítà William Halsted kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Baltimore ní 1894, tí wọ́n fi ń gé ọmú, iṣan àyà àti àwọn kókó abíyá pọ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà Umberto Veronesi ní Milan àti dókítà Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà ló wá fi ìwádìí dán èrò yìí wò. Obìnrin 701 ló wà nínú ti Veronesi, kókó wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ti Fisher lé ní 1,800. Lẹ́yìn ogún ọdún, èsì méjèèjì jáde ní 2002: ẹ̀mí àwọn tí wọ́n gé ọmú wọn kò gùn ju ti àwọn tí wọ́n dá ọmú wọn sí lọ.

Àmọ́ ìtọ́jú onítànṣán ló sábà máa ń tẹ̀ lé yíyọ kókó. Nínú ìwádìí Fisher, jẹjẹrẹ padà sínú ọmú kan náà lára nǹkan bí 39 nínú 100 àwọn tí kò gba ìtànṣán. Lára àwọn tó gbà á, nǹkan bí 14 ni. Wọ́n tún máa ń fi aró kun ẹ̀gbẹ́ ẹran tí wọ́n yọ, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí jẹjẹrẹ bá kan aró náà, wọ́n lè padà sídìí iṣẹ́ abẹ.

Gígé gbogbo ọmú tọ́ sí ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ wà káàkiri ọmú, tàbí tó ti gba ìtànṣán sí àyà rí. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹ̀rọ ìtànṣán kò pọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbà á, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin tí kò ní ibi tó máa dé sí ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè yàn láti gé e, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi. Ohun tó burú ni kí wọ́n gé e láìsọ fún un pé ọ̀nà kejì wà.

Ní ti abíyá, wọn kì í sábà kó gbogbo kókó ibẹ̀ mọ́. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa aró búlúù sínú ọmú. Kókó abíyá tí aró náà bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa yọ yẹ̀ wò. Bí kò bá sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀, èyí tó ń dín ewu kí apá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kù.