Bí Orin Ṣe Bá Wa ní Ilé Ẹlẹ́mu

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a lọ kí òbí ọ̀kan nínú wa ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí a ń padà bọ̀, òjò ká wa mọ́ kí á tó dé Ọ̀yẹ́. A yà sí ilé ẹlẹ́mu kan: páànù gbígbó, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, kò sí pátákó orúkọ kankan. Ẹmu nìkan la rò pé a máa bá níbẹ̀. Bí òjò ṣe ń dá, bàbá arúgbó kan fa gìtá yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan fi gángan há abíyá. Èdè Èkìtì ni wọ́n fi kọrin, wọ́n sì ń ki wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ti ṣú kí á tó rántí pé ilé là ń lọ.

Irú ilé ẹlẹ́mu bẹ́ẹ̀ ní Èkó ni jùjú ti dàgbà. Nígbà tó di ọdún 1936, Túndé King ti gbé e sínú àwo fún Parlophone. I. K. Dáírò, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, ó fi àkọ́díọ́nì kún jùjú, ó sì gba oyè MBE ní 1963. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní ilẹ̀ Èkìtì wa yìí, ló ti jáde láyé ní oṣù kejì 1996, ọdún kan náà tí a dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Ẹlẹ́mùré Ògúnyẹmí náà fi èdè wa kọrin títí ó fi di olókìkí.

Ṣùgbọ́n àwa ṣe ohun kan tí kò dára. A ti ṣe ìlérí fún bàbá náà pé òun ni yóò kọrin ní àjọ̀dún wa àkọ́kọ́. Nígbà tí ọjọ́ ń bọ̀, a ní àlejò á rò pé a kò lówó, a sì lọ háyà díjéè láti Adó. A ṣírò owó, a gbàgbé ìlérí. Bàbá wá lọ́jọ́ náà, gìtá rẹ̀ wà nínú àpò ìrẹsì. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ẹnì kan kò pè é síwájú.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, a lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ wo ni ká wá?" Láti ìgbà náà, òun ló ń kọrin fún wa lọ́dọọdún, títí ó fi papòdà ní ọdún tó kọjá.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, ti kọ́ gìtá náà. Òun ni yóò kọrin lálẹ́ òní. Ẹ jọ̀wọ́, iwájú ni kí ẹ jẹ́ kó jókòó sí.